Bí Mo Ṣe Ń Kọ Ìtàn Ìfẹ́ Ìjẹ̀bú Àtijọ́

Ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Èmi fẹ́ràn 1892, ọdún tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ṣáájú ìgbà yẹn, àlejò kì í ṣàdédé gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ sí Èkó. Oníbodè wà lójú ọ̀nà. Ẹ fi ọmọkùnrin Ìbàdàn sí apá kan ibodè, kí ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú-Òde wà lápá kejì. Wàhálà ti délẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dì mọ́ra lójú ìwé kìíní, ẹ jọ̀ọ́. Alárinà ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, òun ló sì dùn ún kọ jù: ẹ jẹ́ kó lẹ́nu, kó máa jẹ lọ́tùn-ún, jẹ lósì. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, ẹrù gidi ni. Bí ọkọ ìyàwó bá fẹ́ san ọ̀kẹ́ méjì, ẹ wá ẹni tí yóò rù ú.

Bí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn inú ìtàn náà kò bá dán, mo máa ń lọ ra gààrí lọ́jà Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí n lè gbọ́ bí àwọn ìyá ṣe ń ná ọjà, tí wọ́n ń bú ara wọn.

Lẹ́yìn náà, mo máa ń kà á sókè fún màmá mi. Ibi tí wọ́n bá ti sùn lọ, mo gé e.