Ọjọ́ tí mo pe sípéèdì méje ní pálọ̀ Alhaji

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ta bridge, eré káàdì. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tíì pe grand slam, ìyẹn ìlérí láti kó gbogbo káàdì tó bá balẹ̀. Ti àkọ́kọ́ dójú tì mí. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo fẹ́ ròyìn.

Pálọ̀ Alhaji ní Gàá-Akanbí, ní Ìlọrin, la ti ń ta á, ní gbogbo Sátidé, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Alhaji ni ẹnìkejì mi. Kàdúná ni wọ́n ti kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ń ṣe akọ̀wé ìjọba níbẹ̀, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní 1967. Àwọn tó ń bá wa ta á ni Mama Matron, ọmọ Òmù-Àrán, àti Ẹnjiníà tó máa ń wọkọ̀ wá láti Ọ̀fà. Wàrà díndín máa ń wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọwọ́ elépo kan káàdì Alhaji, ó gbọ́ ọ!

Fún ẹni tí kò ta á rí: káàdì 52, ẹni mẹ́rin, káàdì 13 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni méjì sí ẹni méjì. Káàdì mẹ́rin tó bá balẹ̀ pọ̀, tíríkì kan nìyẹn; ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù ló kó o. Kí ẹ tó ta ohunkóhun, ẹ ó kọ́kọ́ pè, ìyẹn ni pé ẹ ó sọ iye tíríkì tẹ́ ẹ máa kó lórí mẹ́fà, àti irú káàdì tó máa jẹ́ ọ̀gá, èyí tí ẹni tí irú tí wọ́n gbá bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi gé e. Bí kò bá sí ọ̀gá, No Trump nìyẹn. Ẹni tó pe méje ti ṣèlérí gbogbo 13. Bí ẹyọ kan bá bọ́, ó ti tán.

Èṣí ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀. A máa ń ka éèsì sí pọ́ìǹtì 4, ọba 3, ayaba 2, jákì 1, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 40. Wọ́n ní kéèyàn tó pe méje No Trump, kí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ní 37. Èmi ka 35, mo ní kí ló kù níbẹ̀, mo pè é. Ọba háàtì ló kù níbẹ̀. Ọwọ́ Mama Matron ló wà, níbi tí mi ò fẹ́ kó wà gan-an. Tíríkì 12 ni mo kó. Alhaji ò bínú, wọ́n kàn mu omi, wọ́n ní, “Pọ́ìǹtì kọ́ là ń kó, tíríkì là ń kó.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Ó wá di ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Apá kọ̀ọ̀kan ti jẹ gèèmù kan, a ti di vulnerable nìyẹn: èrè pọ̀, ìyà náà pọ̀. Mo ṣí káàdì mi. Sípéèdì: éèsì, ọba, ayaba, 9, 4. Háàtì: éèsì, 7, 6. Dáyámọ́ǹdì: ọba, 5. Kúlọ́ọ̀bù: éèsì, 7, 3. Pọ́ìǹtì ogún. Mo rọra tún un tò kí ọwọ́ mi má baà gbọ̀n.

Alhaji ló kọ́kọ́ pè: dáyámọ́ǹdì kan. Mo ní sípéèdì kan. Wọ́n ní sípéèdì méjì. Láàárín àwa méjì, wọn ò ní gbè mí lẹ́yìn láìní sípéèdì mẹ́rin. Mo bá pe 4 No Trump, ìyẹn ìpè tí Easley Blackwood ará Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti fi béèrè iye éèsì tó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì. Wọ́n dáhùn: dáyámọ́ǹdì márùn-ún. Éèsì kan nìyẹn. Mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi, ó pé. Mo pe 5 No Trump láti béèrè ọba. Wọ́n ní háàtì mẹ́fà: ọba méjì. Méjì wà lọ́wọ́ tèmi náà.

Ibẹ̀ la wà tí NEPA mú iná lọ. Òjò ti ṣú, pálọ̀ ṣókùnkùn biribiri, ọmọ ilé sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Mo fi ọwọ́ mi sábẹ́ tábìlì, mo ń fi ìka kà. Sípéèdì tèmi, márùn-ún. Éèsì àti ọba nínú háàtì, dáyámọ́ǹdì àti kúlọ́ọ̀bù, mẹ́fà. Mọ́kànlá. Ó ku méjì, níbo ni màá ti rí i?

Mo wá ka káàdì tí mi ò rí. Alhaji ní sípéèdì mẹ́rin. Wọn kì í fi dáyámọ́ǹdì ṣí ìpè tí kò bá tó márùn-ún. Mẹ́sàn-án nìyẹn, ó ku mẹ́rin péré fún háàtì àti kúlọ́ọ̀bù. Èmi ní háàtì mẹ́ta, kúlọ́ọ̀bù mẹ́ta, mẹ́fà lápapọ̀. Ọba wọn wà nínú méjèèjì, nítorí náà kò sí èyí tó ṣófo. Ì báà jẹ́ méjì-méjì, ì báà jẹ́ mẹ́ta àti ẹyọ kan, káàdì mi méjì ni wọn ò ní rí irú rẹ̀, tí wọ́n á fi sípéèdì gé. Mọ́kànlá àti méjì. Iná dé.

“Sípéèdì méje.”

Mama Matron wò mí láti òkè awò ojú wọn. “Ṣé ti èṣí náà nìyí?” Mi ò fèsì.

Ẹnjiníà sọ ayaba dáyámọ́ǹdì sílẹ̀. Alhaji tẹ́ tiwọn síta, nítorí ẹni tó pè ló ń ta ọwọ́ méjèèjì. Sípéèdì: jákì, 8, 6, 5. Háàtì: ọba, 3. Dáyámọ́ǹdì: éèsì, 9, 8, 6, 4. Kúlọ́ọ̀bù: ọba, 2. Àpapọ̀ wa ò ju pọ́ìǹtì 31 lọ, ẹ gbọ́!

Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi ọba dáyámọ́ǹdì kí n tó fà á padà. Tí mo bá gé káàdì méjèèjì tán, ọ̀dọ̀ Alhaji ni màá wà. Ọ̀nà wo ni màá gbà padà sọ́wọ́ ara mi? Ọba yẹn nìkan ni. Mo fi éèsì wọn kó o.

Mo gbá éèsì sípéèdì, gbogbo wọn bá mi lọ. Mo gbá ọba, Mama Matron da dáyámọ́ǹdì sílẹ̀. Ó já sí pé sípéèdì mẹ́ta wà lọ́dọ̀ Ẹnjiníà, 10 sì ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wù mí kí n yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ọ́, sípéèdì kan ṣoṣo ló máa kù fún Alhaji, méjì ni mo sì nílò. Mo fi 10 náà sílẹ̀ fún un. Háàtì sí ọba, háàtì sí éèsì, mo fi jákì gé ẹ̀kẹta. Ọba kúlọ́ọ̀bù, éèsì kúlọ́ọ̀bù, mo wá sọ 7 sílẹ̀. 8 ni màá fi gé e; bí kúlọ́ọ̀bù bá ti tán lọ́wọ́ Ẹnjiníà, 10 rẹ̀ ló máa gorí rẹ̀. Ọkùnrin yìí fọwọ́ kan káàdì kan, ó fi í sílẹ̀, ó tún kan òmíràn. Ó sọ ọ́: kúlọ́ọ̀bù ni.

Mo fi dáyámọ́ǹdì padà sí ọba mi, jákì tirẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ayaba sípéèdì kó 10. Mo tẹ́ 9 àti 4 sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Ẹnjiníà ló sọ fúnra rẹ̀ pé dáyámọ́ǹdì méjì péré ni òun ní. Ká ní mo ti ná ọba níbẹ̀rẹ̀, dáyámọ́ǹdì ẹ̀kẹta ni mi ò bá fi sípéèdì gé láti padà sílé. Bí mo bá fi kékeré gé e, yóò fi 10 gorí rẹ̀. Bí mo bá fi ayaba gé e, 10 náà á di ọ̀gá lórí 9 mi.

Alhaji ń kọ ọ́: 210 fún tíríkì, 1500 fún slam, 500 fún rábà, ìyẹn gèèmù kejì tí a jẹ. 2210. Bí mo bá dúró sí mẹ́fà, 750 ni slam ì bá jẹ́. Mo ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe kà á nínú òkùnkùn, títí dórí dáyámọ́ǹdì márùn-ún. Wọ́n gbé bíírò sílẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí kẹ́tù àlùwàlá wọn.

“Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò kì í fi mẹ́rin ṣí?”