Bí ẹ ṣe lè mú kí irin òòfà léfòó lórí superconductor

Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù àti Ìlíṣàn, ohun tí ẹ nílò ni pẹlẹbẹ YBCO kan (irú superconductor kan, ìyẹn ohun tí iná ń gba inú rẹ̀ láìsí ìdíwọ́ tó bá tutù gan-an), òòfà neodymium kékeré, abọ́ fóòmù àti náítírójìn olómi. YBCO gbọ́dọ̀ tutù kọjá nǹkan bíi −181°C kí iná tó lè gba inú rẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Náítírójìn olómi ń hó ní −196°C, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ awò ààbò, ẹ má sì dé ohun tí náítírójìn wà nínú rẹ̀ pa, torí ó lè bú gbàù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni ètò iṣẹ́ náà. Bí pẹlẹbẹ bá ti tutù kí òòfà tó dé, yóò tì í dànù, òòfà á sì máa yọ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀nà tó dára jù: ẹ fi páálí tó nípọn tó mílímítà 5 sáàárín àwọn méjèèjì, kí ẹ tó da náítírójìn yí pẹlẹbẹ ká. Nígbà tí híhó bá rọlẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú oníke fa páálí yọ. Agbára òòfà ti há sínú pẹlẹbẹ, ìyẹn ló ń dì í mú lójú kan.

Tábìlì onígi ni kí ẹ lò. Irin á fa òòfà.

Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń ba YBCO jẹ́ gan-an. Tó bá ti móoru padà, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi sínú ike tó dé pinpin pẹ̀lú sílíkà jẹ́ẹ̀lì.