Bẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ oúnjẹ ọ̀sán nílé oúnjẹ Lẹ́bánónì n'Íkòròdú, ẹ má lọ ra ṣáwámà o

Ẹ̀yin èèyàn mi n'Íkòròdú, ṣáwámà dáa, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wọ irú ilé oúnjẹ kékeré yẹn, èyí tí tábìlì ibẹ̀ ò ju mẹ́fà lọ, tẹ́ ẹ wá ní ṣáwámà lẹ máa jẹ, ó dà bí ẹni tó lọ sóde ìyàwó tó wá ń jẹ gúgúrú.

Ẹ tètè lọ ṣá. Aago méjìlá kọjá díẹ̀ ti dáa, torí tó bá ti di aago kan àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì á ti kún bẹ̀, tó bá wá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí náà á tún dé, ẹ ó kàn jókòó máa wo ẹnu ara yín ni. Tẹ́ ẹ bá ń ti Ìgbógbó tàbí Ẹbúté bọ̀, ẹ rántí gosiló Sábó.

Ẹ má dá lọ. Ẹ mú èèyàn méjì tàbí mẹ́ta dání, torí abọ́ kéékèèké ni wọ́n máa ń gbé sí àárín tábìlì tí gbogbo yín á jọ máa na ọwọ́ sí i, mezze ni wọ́n ń pè é. Ṣebí báyìí náà làwọn bàbá wa ṣe ń jẹun nínú abọ́ kan kí kálukú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní pléètì tiẹ̀. Ẹni mẹ́rin, abọ́ mẹ́ta àti ẹran sísun kan ti tó, ẹ lè fi kún un tó bá yá.

Hummus ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé wá. Irú ẹ̀wà kan tó tóbi ju tiwa lọ ni, wọ́n á sè é, wọ́n á lọ̀ ọ́ pẹ̀lú yánmọtí lílọ̀, aáyù àti omi ọsàn kíkan, wọ́n á wá da òróró ólífì lé e lórí. Ìgbà àkọ́kọ́ témi jẹ ẹ́, mo fi ṣíbí gbọ́n òróró yẹn kúrò pátápátá, mo ní ẹni tó sè é ò mọ̀ ọ́n ṣe, àṣé adùn ẹ̀ ni mo ń dà nù! Ẹni tí yánmọtí kì í bá lára mu kó má fẹnu kàn án o.

Falafel, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò àkàrà ni. Ẹ̀wà yẹn náà ni, àmọ́ wọn kì í sè é, wọ́n kàn máa rẹ ẹ́ sómi ni, wọ́n á lọ̀ ọ́ kó má kúnná jù, wọ́n á din ín. Ní Íjíbítì irú ẹ̀wà míì ni wọ́n ń lò. Tẹ́ ẹ bá bù ú tẹ́ ẹ rí i pé inú ẹ̀ ń ṣe bí àwọ̀ ewé, kò bàjẹ́, ewé tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn ni. Baba ghanoush ní tiẹ̀, ìgbá ńlá tí wọ́n sun lórí iná títí èèpo fi jó ni, ìdí nìyẹn tó fi ń rùn bí èéfín.

Tabbouleh, irú sàláàdì kan ni, ewé pásílì ló gbọ́dọ̀ pọ̀ níbẹ̀, àlìkámà díẹ̀. Tó bá jẹ́ àlìkámà ló kún un, wọ́n rẹ́ yín jẹ nìyẹn.

Tó bá kan ẹran, shish taouk ni mo fẹ́ràn jù, adìyẹ tí wọ́n rẹ sínú yọ́gọ́ọ̀tì, aáyù àti ọsàn kíkan kí wọ́n tó sun ún. Kò ní ta bíi súyà, ẹ béèrè ata lọ́tọ̀. Nǹkan funfun tí wọ́n máa gbé tì í, toum, ẹ má rò pé màyónéèsì ni o, aáyù gidi ni, ẹni tó bá ní àlejò pàtàkì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán kó fi sílẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa fi ya búrẹ́dì pẹlẹbẹ yẹn, ẹ fi bu oúnjẹ bí òkèlè, kò sí fọ́ọ̀kì nínú ọ̀rọ̀ náà. Kẹ́ ẹ tó béèrè búrẹ́dì kejì, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba owó ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó yó yín kí ẹran tó dé.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ménù dáadáa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n lè má tíì ka VAT mọ́ owó tí wọ́n kọ síbẹ̀. 7.5% ni, ìyẹn ni pé oúnjẹ ₦20,000 á di ₦21,500. Ẹ mú káàṣì díẹ̀ dání náà, ẹ ṣáà mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe máa ń ṣe.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ ní kí wọ́n dì í fún yín, ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ nínú oòrùn, inú fíríìjì ló ń gbé. Èmi ti fi hummus àná jẹ iṣu sísè rí. Ìyàwó mi wò mí títí, ó ní kí n gbé díẹ̀ wá, ló bá jókòó tì í.