Bí a ṣe ń sọ gbólóhùn kan di àwòrán

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kíkọ ṣe iṣẹ́ ọnà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé lẹ́tà ti ní ara kí ó tó ní ìtumọ̀: ó lè ga, ó lè sanra, ó sì ń gba àyè gẹ́gẹ́ bí igi tàbí ènìyàn ṣe ń gbà á nínú àwòrán.

Mú gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó jẹ ọ́ lógún gidi, nítorí pé ìwọ yóò kọ ọ́ léraléra. Gé àwọn lẹ́tà rẹ̀ jáde lára páálí líle, kí o lè máa kun ọ̀dà gba ojú ihò wọn. Lo ọ̀dà tí kì í tètè gbẹ. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kọ ọ́ láti etí dé etí, má sì ṣe nu páálí náà bí o ti ń gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀dà tí ó lẹ̀ mọ́ ọn yóò máa yí mọ́ lẹ́tà tuntun, títí tí ọ̀rọ̀ tí ó ṣe é kà lókè yóò fi di òkùnkùn nísàlẹ̀.

Ọ̀nà tí Glenn Ligon, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, gbà nìyí ní 1990, nígbà tí ó kọ gbólóhùn kan láti ọwọ́ Zora Neale Hurston, òǹkọ̀wé obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, tí ó dá lórí bí àwọ̀ obìnrin náà ṣe ń hàn sí i jù nígbà tí ó bá wà níwájú ohun funfun, sára ilẹ̀kùn onígi. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gidigidi, nítorí pé ohun tí gbólóhùn náà ń sọ ni ọ̀dà dúdú ń ṣe lórí funfun lójú wa.

Bí ìtumọ̀ kò bá jẹ́ kí o rí ìrísí, dorí iṣẹ́ náà kodò kí o tó tún un wò. Ibi tí ó bá ṣófo jù tàbí tí ó bá há jù yóò hàn kedere.

O sì lè yọ ìtumọ̀ kúrò pátápátá. Láti 1987 ni Xu Bing, oníṣẹ́ ọnà ará Ṣáínà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbẹ́ nǹkan bí 4,000 àmì sára igi, tí kò sí èyí tí ó ní ìtumọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, nítorí pé ó tẹ̀ lé ìlànà ìkọ̀wé Ṣáínà tọkàntọkàn, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà yóò kọ́kọ́ rò pé òun lè kà á. Bí ìwọ náà bá fẹ́ dá àmì tìrẹ sílẹ̀, pa ìwọ̀n, ìtẹ̀sí àti àlàfo ìkọ̀wé tí o mọ̀ mọ́.

Nígbà tí o bá ń gbé iṣẹ́ onígbólóhùn rẹ kọ́, jẹ́ kí ìlà òkè bá ojú ẹni tí ó dúró dọ́gba, kí ó lè kà á wọ inú òkùnkùn náà, má sì kọ gbólóhùn náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò bá rí i kà.