Bí A Ṣe Ń Fa Ìlù Snare Kó Lè Dún Ketekete

Láti Gáà Àkàǹbí n'Ílọrin títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ohun kan náà ni mo máa ń bá nídìí ìlù nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á ti ra awọ tuntun sójú òkè snare, ìlù pẹlẹbẹ tó ní wáyà tín-ín-rín lábẹ́, á máa dán. Ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀, ẹ óò rí i pé abẹ́ ti dọ̀tí, wáyà ti wọ́. Abẹ́ yẹn gan-an ni ohùn wà.

Ọmọ Ìlọrin tó bá ti gbọ́ ìlù gàńgá àwọn Hausa á tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Okùn tín-ín-rín tó dábùú ojú rẹ̀ ló ń mú kó kùn bẹ́ẹ̀. Ti snare náà nìyẹn, àyàfi pé òkè là ń lù, ìsàlẹ̀ ni wáyà ti ń jó.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú èyí tẹ́ ẹ ní. Ọ̀pọ̀ wọn ló fẹ̀ tó ínṣì 14, jíjìn wọn ló yàtọ̀. Èyí tí kò ju ínṣì 4 lọ máa ń tètè dáhùn, ohùn rẹ̀ sì mú. Èyí tó jìn tó 6.5 ní ikùn, ó ń bú. Fún ṣọ́ọ̀ṣì, 5.5 ni tèmi. Irin ń han gooro, igi ń rọ̀ létí. Òrùka tó di awọ mú náà ní tirẹ̀: èyí tó nípọn tó wúwo máa ń pa ohùn mọ́ra, èyí tó fúyẹ́ ń jẹ́ kó tú jáde. Bí etí àgbá ìlù bá mú, ohùn á mú, á sì pẹ́ nílẹ̀. Bí etí bá rí roboto, awọ á fara ti igi púpọ̀, ohùn á gé kúrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sáńpépà kan etí yẹn. Ẹ má sì lẹ sítíkà bo ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà jáde.

Ẹ tú u, ẹ nù ún, ẹ dá awọ òkè padà. Ẹ fọwọ́ di gbogbo bóòtù, kẹ́ ẹ tó wá máa fi kọ́kọ́rọ́ ìlù fà wọ́n díẹ̀díẹ̀, láti orí ọ̀kan sí èyí tó kọjú sí i. Kọ́kọ́rọ́ ni mo wí o, kì í ṣe púláyà. Púláyà á jẹ orí bóòtù títí tí kò ní ṣeé dì mú mọ́.

Ó wá ku abẹ́, ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́. Awọ ìsàlẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ awọ òkè. Bí ti òkè bá nípọn tó mẹ́wàá, tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta péré. Ẹ má fi awọ òkè dípò rẹ̀ láé, wáyà kò ní dáhùn. Ẹ má sì gbé nǹkan kan lé e. Lálẹ́ àìsùn kan l'Ọ́fà, ọmọkùnrin kan dojú snare wa délẹ̀, ó fi í ṣe tábìlì, ó gbé máíkì lé e. Etí wáyà gún awọ náà já. Títí ilẹ̀ fi mọ́, bí ike ọ̀dà ni ìlù wa ń dún.

Ẹ fi ìka tọ etí ìsàlẹ̀ yípo. Ibi méjì tó kọjú síra wà tó wọnú díẹ̀: ibẹ̀ ni wáyà gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Bó bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa kùn láìdákẹ́. Ẹ fa awọ ìsàlẹ̀ le ju ti òkè lọ.

Okùn tí mo fi ń de wáyà ni ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di páálí. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ bi àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Ọba. Okùn tó nípọn kò dáa, á gbé wáyà kúrò lára awọ. Wáyà tó ní ogún ẹyọ ni mò ń lò. Èyí tó ní 42 máa ń bo ohùn ìlù fúnra rẹ̀. Bí ẹyọ kan bá ti wọ́, ẹ gé e kúrò nídìí.

Ẹ wá fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wáyà dẹ̀, ẹ fi orí ìka kan etí awọ òkè pẹ́pẹ́, kẹ́ ẹ máa yí ìdè ẹ̀gbẹ́ ìlù, èyí tó ń fa wáyà le tó sì ń dẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀. Á kọ́kọ́ máa ṣe ṣàà-ṣàà. Níbi tó bá ti di ṣá! ṣókí, ẹ dúró. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dúró. Wọ́n á yí i títí wáyà á fi lẹ̀ mọ́ awọ, kò ní ríbi jó mọ́. Bẹ́ ẹ bá lù ú jẹ́jẹ́, kò ní dáhùn, ẹ ó wá máa fi agbára lù ú títí awọ òkè á fi bẹ́.

Bí gìtá béèsì bá ń mú un kùn, ẹ dẹ bóòtù ìsàlẹ̀ mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wáyà, ìdá mẹ́rin yípo kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá dákẹ́ pátápátá, ẹ sún snare kúrò níwájú ẹ̀rọ béèsì, kẹ́ ẹ sì já ìdè náà sílẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà.