Bí a ṣe ń kọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá tíṣà sínú ìwé ètò ìsìnkú

Alẹ́ ọjọ́ tí ìwé ètò ìsìnkú yóò lọ sí ilé ìtẹ̀wé ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń rántí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ ìtàn olóògbé. Wọ́n á sáré kọ ọ́ pé onírẹ̀lẹ̀ ni, pé ó fẹ́ràn ọmọnìkejì, pé baba rere ni. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n kọ fún bàbá tí wọ́n sin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bẹ́ẹ̀, ayé tíṣà ní àkọsílẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ó wò, ọ̀sẹ̀ kan tó láti kọ ìtàn tí yóò bá bàbá náà mu.

Inú àpótí ìwé rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ìwé ìgbàsíṣẹ́ àkọ́kọ́, àwọn ìwé ẹ̀rí, àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi ń gbé e láti ilé-ìwé kan sí òmíràn, àti fáìlì owó ìfẹ̀yìntì. Fáìlì yìí ló wúlò jù, nítorí pé ọjọ́ tó wọ iṣẹ́ àti ọjọ́ tó fi í sílẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀ pọ̀. Ẹ yọ ọdún tó wọ iṣẹ́ kúrò nínú ọdún tó fi í sílẹ̀. Kó tó di ọdún 2022 tí òfin tuntun fi kún àsìkò tíṣà, ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ọgọ́ta ọdún lókè eèpẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, ni òṣìṣẹ́ ọba ń fẹ̀yìn tì. Bí ìṣirò yín bá bọ́ sí ọdún 43, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ka ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé aládàáni mọ́ ọn, tàbí kí ẹnì kan ti ṣi nọ́ńbà kọ.

Bí lẹ́tà bá sọnù, ẹ gba ilé-ìwé tó ti ṣe hẹdimásítà lọ. Ìwé kan wà tí ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń kọ ohun pàtàkì tó bá ṣẹlẹ̀ sí, tí àwọn tíṣà ń pè ní lọ́ọ̀gì búùkù. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọjọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì, ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ṣí òrùlé kíláàsì, ọjọ́ tí aláyẹ̀wò ilé-ìwé wá. Ẹ mú lẹ́tà ẹbí dání, ẹ lọ láàárọ̀, nígbà tí ilé-ìwé ò bá sí ní ọlidé. Ẹ tọrọ ààyè láti fi fóònù ya ojú ìwé tí ẹ fẹ́. Ẹ má ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gbé ìwé náà lọ. Ìwé àtijọ́ máa ń fọ́ níbi tí wọ́n ti gán an, nítorí náà orí tábìlì ni kí ó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Igun òkè ni kí ẹ ti máa ṣí i, ẹ má fi itọ́ kan ọwọ́.

Ọjọ́ orí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bí kó tó di òmìnira ni wọn ò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀, ọjọ́ tó sì wà nínú ìwé iṣẹ́ lè jẹ́ èyí tí wọ́n búra fún ní kóòtù. Ẹ bi àwọn àgbà àgbo ilé léèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Ogun Hítílà jẹ́ 1939 sí 1945. Ọjọ́ tí ọ̀sán dòru, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, 20 Oṣù Karùn-ún 1947 ni. Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà ní 1956. Ọ̀nà kejì ni ọdún tó wọ ilé-ìwé. Láyé ìgbà náà, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá gba orí kọjá kan etí kejì ni wọ́n ń gbà, ìyẹn ọmọ bí ọdún mẹ́fà tàbí méje. Ẹni tó wọlé ní January 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, yóò jẹ́ ọmọ 1947 tàbí 1948. Bí ọ̀nà méjèèjì ò bá fẹnu kò, ẹ kọ “nǹkan bí ọdún 1948”. Ẹ má sọ ẹni ọdún 84 di ẹni 90 nítorí kí aṣọ ẹbí lè gbayì.

Ẹ ṣọ́ orúkọ ibi pẹ̀lú. Iléṣà wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1965, ó wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní 1970, ó di ara Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1976, 1991 ló tó bọ́ sí Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé bàbá ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1968 ti ṣì í kọ. Bákan náà, ẹni tó gboyè ní Ifẹ̀ ní 1978, Yunifásítì Ifẹ̀ ló ti gbà á. 1987 ni wọ́n tó sọ orúkọ Awólọ́wọ̀ mọ́ ọn. Orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì fi ti òní tẹ̀ lé e.

Ní ti iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni, oyè nìkan ni wọ́n sábà ń tò: pátírọ́ọ̀nù ẹgbẹ́ yìí, alága ìgbìmọ̀ tọ̀hún. Ẹ fi iṣẹ́ kan ti oyè kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ẹ yẹ ìwé ìpàdé wò: lẹ́tà wo ló kọ tí iná fi dé àdúgbò? Bí ó bá kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní ìrọ̀lẹ́, ibo ni, ọjọ́ wo lọ́sẹ̀, ta ló ń ra ṣọ́ọ̀kì? Ẹni tó jókòó ní kíláàsì yẹn lè wà láàyè síbẹ̀. Gbólóhùn kan láti ẹnu rẹ̀ tó ojú ewé ìyìn.

Orúkọ àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, láìwo ìyàwó tó bí wọn, kí ẹ sì ka ìwé náà sí etígbọ̀ọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan tàbí aṣojú rẹ̀ kó tó di títẹ̀. Ọmọ tó ti kú náà ní ààyè tirẹ̀. Orúkọ tí ẹ bá fò, ìwé yìí kan náà ni wọn yóò gbé jáde lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ogún bá dé. Ẹ má fi ìjẹ́-baba rẹ̀ mọ sí orúkọ ọmọ nìkan. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló ń fọ yúnífọ́ọ̀mù wọn ní alẹ́ Sunday, ẹ kọ ọ́.

Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀yà méjì. Èyí tí wọn yóò kà ní ṣọ́ọ̀ṣì kò gbọ́dọ̀ ju 600 ọ̀rọ̀ lọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà. Ti inú ìwé lè gùn ju bẹ́ẹ̀. Nílé Mùsùlùmí, tí òkú kì í pẹ́ nílẹ̀, fídáù ọjọ́ kẹjọ ni àsìkò rẹ̀, ẹ sì ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko láti fi ṣe é.

Fọ́tò àtijọ́ tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má bọ́ ọ, yóò ya. Ẹ gbé e sí ẹ̀rọ ìṣàwòkọ pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀, ní 600 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó) bí fọ́tò bá kéré, 300 bí ó bá tóbi. Iye ojú ewé ìwé tí wọn yóò fi pín-ìn-nì gán gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin, 12 tàbí 16, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òfìfo ni ẹ̀yìn ìwé yóò wà. PDF ni kí ẹ fi ránṣẹ́, torí pé bí fáìlì Word bá dé orí kọ̀ǹpútà tí kò ní lẹ́tà Yorùbá, àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ yóò di àpótí kéékèèké. Ẹ gba ẹ̀dà kan ṣoṣo kọ́kọ́, kí ẹni tó mọ orúkọ gbogbo ẹbí ka oríkì àti orúkọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tẹ ìyókù.