Bí A Ṣe Ń Díye Lé Aago Òmùwẹ̀ Japan Tí Wọn Ò Ṣe Mọ́

"Ẹ wò ó, Àǹtí Aláago, $800 ni wọ́n ń ta irú rẹ̀ l'Ámẹ́ríkà." Mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókè Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde, pàápàá lẹ́nu àwọn tí bàbá wọn fi Seiko àtijọ́ sílẹ̀ fún. Èsì mi ò yí padà: pípè kọ́ ni títà. Ẹni tó pe $800 lè ti gbé aago náà síbẹ̀ láti èṣí kí ẹnikẹ́ni má yà á wò. Iye tó wúlò fún yín ni èyí tí ẹnì kan ti yọ owó san.

Ó rọrùn láti rí i. Lórí eBay, ẹ tẹ nọ́ńbà aago yín, kí ẹ wá lọ síbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ohun tó jáde (Filter), kí ẹ mú "Sold items". Lórí Mercari ti Japan, aago tó ti tà ṣì máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì "SOLD" lórí àwòrán rẹ̀, owó rẹ̀ á sì hàn ní yẹ́ẹ̀nì. Yahoo! Auctions ti Japan náà ń jẹ́ kí ẹ rí èyí tí wọ́n ti ta gbàǹjo rẹ̀ tán. Chrono24 dáa fún wíwo àwòrán, àmọ́ iye tí wọ́n ń pè ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ má fi í ṣe òṣùwọ̀n.

Kí ẹ tó wá iye, ẹ gbọ́dọ̀ mọ aago tó wà lọ́wọ́ yín. Seiko ti ń ṣe aago òmùwẹ̀ láti 1965, iye ọ̀kan ò sì jọ ti èkejì. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 6309-7040 ni wọ́n ṣe láti 1976 títí di 1988, òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn àgbà wa. Èyí tó ń jẹ́ SKX007 jáde ní 1996, wọ́n sì ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ ní nǹkan bíi 2019. Nígbà tó ṣì ń jáde, nǹkan bíi $200 ni tuntun rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Seiko 5 Sports tó jáde lọ́dún 2019 jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n mítà 100 ni wọ́n kọ fún omi rẹ̀, SKX sì jẹ́ 200. Ìyẹn wà lára ohun tó gbé owó SKX sókè.

Ẹ̀yìn aago ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Màá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti omi ọṣẹ díẹ̀ fọ ìdọ̀tí inú lẹ́tà rẹ̀ kúrò, màá wá gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Lára SKX007, ẹ máa rí 7S26-0020. 7S26 ni orúkọ ẹ́ńjìnnì, 0020 ni ti kéèsì. Nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́fà tún wà níbẹ̀: àkọ́kọ́ ni òǹkà tó gbẹ̀yìn ọdún tí wọ́n ṣe é, èkejì ni oṣù. Oṣù kẹwàá jẹ́ O, ìkọkànlá N, ìkejìlá D. Bí 7S26 bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 64, oṣù kẹrin ni, ní 1996, 2006 tàbí 2016. Bí 6309 bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 82, oṣù kejì 1978 tàbí 1988 ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lókè òkun á béèrè rẹ̀. Citizen NY0040, tí wáíńdà rẹ̀ wà lápá aago mẹ́jọ, ní ọ̀nà tirẹ̀ tí wọ́n ń gbà ka nọ́ńbà, ẹ má fi ti Seiko kà á.

Ohun tó ń ba owó aago jẹ́ jù nílùú wa ni dídán. Bí Iléyá bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn regbéregbé ti ń múra Ojúde Ọba, gbogbo èèyàn ló fẹ́ kí ohun tó wà lọ́wọ́ òun máa kọ mànà. Wọ́n á gbé aago bàbá wọn fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ìdán, aago á sì dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo kéèsì SKX007 tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dán, orí rẹ̀ ní ìlà wínníwínní, ibi tí méjèèjì ti pàdé sì mú bí ẹnu abẹ. Ẹ̀rọ ìdán á jẹ ibẹ̀ run, irin tó bá sì ti lọ ti lọ. Ibi tí ẹni tó mọ aago ní Jámánì tàbí ní Japan máa kọ́kọ́ wò nínú àwòrán yín nìyẹn. Èyí tó ha lára díẹ̀ tí etí rẹ̀ ṣì mú á ta ju èyí tó ń kọ mànà tí etí rẹ̀ ti kú. Ẹ jọ̀wọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú aago. Lẹ́tà tíntìntín kan wà nísàlẹ̀ ojú Seiko, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago mẹ́fà, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹ́ńjìnnì. Ó gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀yìn mu. Bàbá kan gbé 6309-7040 wá fún mi láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀yìn rẹ̀ dáa, ẹ́ńjìnnì ń lọ geere. Mo wá fi gíláàsì ojú wò ó, dúdú ojú rẹ̀ ti jọ ọ̀dà jù, lẹ́tà ìsàlẹ̀ ò sì sí níbẹ̀ rárá. Mo fi ọwọ́ bo aago náà nínú òkùnkùn, àwọn àmì rẹ̀ ń tàn yòò bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ohun tó ń tàn lára aago tó ti tó ogójì ọdún kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú sà, wọ́n ti pààrọ̀ ojú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀." Wọ́n rántí pé àwọn gbé e fún ẹnì kan l'Ékòó fún àtúnṣe nígbà kan. Ìdajì iye tí odidi rẹ̀ ń tà ni mo fi lé e, mo sì kọ "ojú tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́" sí àlàyé rẹ̀. Ẹ̀yà àdàmọ̀dì fún SKX àti 6309 pọ̀ lọ́jà, ẹ yẹ òrùka tó ń yí lórí gíláàsì náà wò.

Kí ni ìyàtọ̀ SKX007J àti SKX007K? Ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ojú J ní "Made in Japan" nísàlẹ̀ àti "21 Jewels". Àwọn olùrà ń san ju ti K lọ fún un, nítorí náà ẹ má san owó J fún K.

Ó kan ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé SKX007K mẹ́rin tó jọ tiyín tà ní $250, $270, $270 àti $420. Ti $420 ní páálí àti ìwé rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Nínú mẹ́ta tó kù, $270 ló wà láàárín, òun ni ká mú. Ìbátan yín ní London ló máa bá yín tà á. Bí eBay bá gba 13 nínú ọgọ́rùn-ún, $35 ti lọ. Ìfiránṣẹ́ láti Èkó sí London, $30. Ìfiránṣẹ́ fún olùrà, $15. Àtúnṣe àti rọ́bà tuntun tó ń dí omi, $30. Bí ẹ bá ra aago náà ní $100, ìjọba wọn á gba 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí $100 yẹn pẹ̀lú $30 ìfiránṣẹ́, ìyẹn $26. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀, títí kan $100 tí ẹ fi rà á: $34 ló kù, ẹ ò sì tíì fún ìbátan yín ní nǹkan kan. Mo máa ń kọ ìṣirò yìí sórí ìwé níwájú ẹni tó ni aago, kí òun náà rí ibi tí owó ń gbà lọ. Bí ó bá wù ú kó tà á fúnra rẹ̀, màá júwe ọ̀nà fún un.

Ibi tí olùrà wà ń yí ìṣirò yìí padà. Láti 29 August 2025, Amẹ́ríkà ò gbà mọ́ kí ọjà tí iye rẹ̀ ò ju $800 lọ máa wọlé láìsan owó ibodè, nítorí náà olùrà ibẹ̀ á yọ owó yẹn kúrò nínú iye tó máa fún yín. Àwọn orílẹ̀-èdè European Union náà ń gba owó orí lórí gbogbo ẹrù, bó ti wù kó kéré tó, láti July 2021. Rírà láti Japan dáa nígbà tí yẹ́ẹ̀nì bá rọ̀, bíi July 2024 tí dọ́là kan ju 160 yẹ́ẹ̀nì lọ. Ibẹ̀ náà ni ẹ ti máa rí àwọn aago Seiko tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SBD, tí wọ́n ṣe fún ọjà ilé wọn. Ní tiwa níbí, dọ́là ni kí ẹ fi díye, kí ẹ ṣẹ́ ẹ sí náírà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń sanwó gan-an. Láti June 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀, iye tí ẹ kọ lóṣù tó kọjá ò ṣeé gbára lé.

Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé aago àtijọ́ ṣì lè wọ omi mítà 200. Rọ́bà inú rẹ̀ ń gbẹ. Ẹ sọ pé ẹ ò tíì dán an wò, àyàfi tí ẹ bá ti fi ẹ̀rọ dán an wò lóòótọ́.

Mo máa ń fi nǹkan bíi mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé iye tí mo fẹ́ gbà, nítorí wọ́n á ná an. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá tí ẹnikẹ́ni ò fi owó lọ̀ mí, màá já a díẹ̀díẹ̀. Tí owó bá sì wọlé, ẹ ya fídíò ẹ̀yìn aago náà, kí nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́fà yẹn hàn ketekete, kí ẹ tó dì í, nítorí àwọn oníjìbìtì kan wà tó máa ń dá aago mìíràn padà.